Láti Oníbodè dé Aṣọ́bodè: Ojúṣe Òṣìṣẹ́ Ìjọba Lórí Títà Ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ojúṣe tí ìjọba gbé lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lórí títà ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà, láti ìgbà tí Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861 títí di àkókò wa yìí. Ó fi hàn pé ojúṣe méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ náà lọ́rùn: kí ó pa owó wọlé fún ìjọba, kí ó sì dáàbò bo ẹni tí ń mu ọtí. Níbi tí ojúṣe méjèèjì bá ti forí gbárí, ti owó ni ó sábà máa ń borí. Àbájáde rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ mọ bí a ti í ka ìgò, ó mọ bí a ti í yẹ ìwé àṣẹ wò, ó sì mọ bí a ti í mú ẹni tí ń pọn ọtí ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ láti yẹ ohun tí ó wà nínú ìgò wò. Ikú tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ọdún 2015 kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn yìí.

1.0 Ìfáàrà

Kò sí àwùjọ tí ó mọ ọtí tí kò ní ìlànà tí ó de ọtí mímu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọtí wà níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ àti ìsìnkú. A fi ń bẹ àgbà, a sì fi ń tu àwọn alálẹ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèwọ̀ ń bẹ nídìí rẹ̀. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í fẹnu kan ẹmu, nítorí ìtàn wọn sọ pé ẹmu ni ó ṣi òrìṣà náà lọ́nà lẹ́nu iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an. Èyí fi hàn pé kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé ohun tí ń mú inú dùn ni ó tún lè ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ọtí lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ìjà láàrin àwọn oníwàásù tí ó kórìíra ọtí àti àwọn oníṣòwò tí ń tà á ni ó sábà máa ń gba iwájú. Ẹnì kan wà láàrin àwọn méjèèjì tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ: òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jókòó sí èbúté, sí ibodè tàbí sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Òun ni òfin ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí gbé dìde. Kí ni ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ yìí máa wò? Ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún? Kí ni ó sì ń bọ́ sọnù nígbà tí ó bá ń wo ohun tí wọ́n ní kí ó wò?

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ṣe wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìjọba tí owó ọtí ń bọ́ kò lè rọrùn fún un láti fi òfin gé ọtí kúrú. Òwe yìí ni ó ṣe àkópọ̀ èrò tí iṣẹ́ yìí gùn lé.

2.0 Ọtí àti Oníbodè

Ọtí tí àwọn Yorùbá ń mu ní àtijọ́ kò ju mélòó kan lọ. A ní ẹmu tí a ń dá lára ọ̀pẹ, a ní ògùrọ̀ tí ń wá láti ibi àkùrọ̀ àti etí omi, a ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn, a sì ní òtíkà tí a fi ọkà bàbà pọn. Gbogbo ọtí wọ̀nyí ní ìwà kan náà: wọn kì í pẹ́ kan. Ẹmu òwúrọ̀ ti ń kan kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò lè kó o pamọ́ sínú àká, a kò sì lè rù ú lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, adẹ́mu àti ẹni tí ń mu ún sábà máa ń mọ ara wọn. Bí adẹ́mu bá bu omi là á tàbí tí ó bá fi ohun burúkú sí i, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ìtìjú àti orúkọ rere ni aṣọ́nà.

Àwọn ìlú ńláńlá ní oníbodè. Ẹnubodè ni ó máa ń jókòó sí, tí yóò máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn aláàárù àti oníṣòwò tí ń wọlé tí ń jáde, tí yóò sì máa jẹ́ iṣẹ́ fún ọba tàbí ìjòyè tí ó fi í síbẹ̀. Ẹrù ni oníbodè ń kà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó máa tú ẹrù wò láti mọ̀ bóyá ó lè pa ènìyàn.

Nígbà tí ọtí líle láti ilẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, iṣẹ́ oníbodè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Ọtí yìí kì í kan. Inú ìgò ni ó wà, ìgò wà nínú àpótí, àpótí sì rọrùn láti kà. Kò sí ọjà tí ó rọrùn láti bù lówó orí tó o. Ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá tí ó wà láàrin ọdún 1898 sí 1914, owó ibodè, pàápàá èyí tí ó wá láti ara ọtí líle, wà lára ohun tí ó gbé ìjọba náà ró. Ìjọba Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ìjọba òyìnbó, náà ti rí i pé ìgò ọtí ń sọ owó. Èyí ṣe pàtàkì, kí a má baà rò pé àwọn amúnisìn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

3.0 Aṣọ́bodè ní Èbúté Èkó, 1861 sí 1919

3.1 Iṣẹ́ kíkà àti iṣẹ́ wíwọ̀n

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tuntun náà nílò owó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti bu owó orí lé ará ìlú lórí tààrà. Ọ̀nà tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí ó gba owó lórí ọjà tí ń wọlé láti òkè òkun. Nínú àwọn ọjà náà, jíìnì àti ọtí líle mìíràn láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì àti láti Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́láńdì ni ó mú owó wọlé jù. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó wà tí ó jẹ́ pé owó ọtí ju ìdajì gbogbo owó tí aṣọ́bodè ń pa lọ.

Iṣẹ́ aṣọ́bodè ní èbúté kì í ṣe kékeré. Bí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀, òun ni yóò ka àpótí àti àgbá, tí yóò fi iye wọn wé ìwé ẹrù ọkọ̀, tí yóò wọn iye gálọ́ọ̀nù, tí yóò sì fi irinṣẹ́ ìwọn agbára ọtí mọ bí ọtí náà ti le tó, nítorí pé iye owó tí oníṣòwò yóò san dúró lórí agbára ọtí náà. Òun ni yóò ti ọtí tí a kò tíì san owó rẹ̀ mọ́ inú ilé ìkẹ́rùsí ìjọba. Òun náà ni yóò ṣọ́ ọ̀sà láàrin Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, nítorí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè gba ibẹ̀ kó ọtí wọlé láti ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Faransé láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí irinṣẹ́ yìí ń wọ̀n. Ó lè sọ bí ọtí ti le tó. Kò lè sọ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Irinṣẹ́ owó ni, kì í ṣe irinṣẹ́ ìlera.

3.2 Àdéhùn Brussels àti ààlà ọtí

Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Òwò ẹrú ni olórí ohun tí àdéhùn náà dá lé, ṣùgbọ́n ó ní apá kan tí ó kan ọtí líle. Wọ́n pààlà sí ilẹ̀ Áfíríkà láti ìlà 20 ní àríwá ilà agbedeméjì ayé títí dé ìlà 22 ní gúúsù rẹ̀. Níbi tí ọtí líle kò bá tíì dé láàrin ààlà yìí, wọ́n ní kí ó má dé ibẹ̀. Níbi tí ó bá ti dé, wọ́n ní kí ìjọba ibẹ̀ gba ó kéré tán 15 fáráǹkì lórí ọgọ́rùn-ún lítà kọ̀ọ̀kan ọtí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1899 wọ́n gbé e sókè di 70 fáráǹkì, àfi ní Tógò àti Dàhọ̀mì tí wọ́n fún láàyè láti gba 60. Ní ọdún 1906 ó di 100 fáráǹkì.

Òfin yìí jọ òfin àánú, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní apá kan. Èrò wọn ni pé bí ọtí bá wọ́n, àwọn ènìyàn kò ní í mu ún púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí iye owó náà ti ń ga sí i ni owó tí ń wọ àpò ìjọba ń pọ̀ sí i. Òfin tí wọ́n ṣe láti dín ọtí kù wá di òfin tí ó jẹ́ kí ìjọba gbára lé ọtí. Ìyàtọ̀ 10 fáráǹkì tí ó wà láàrin Dàhọ̀mì àti Èkó lè dà bí ohun kékeré lójú àwọn tí ó jókòó ní Brussels. Lójú ẹni tí ó ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí ọ̀sà, èrè ni.

Ní apá Àríwá, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti ọdún 1900 tí Frederick Lugard ti di aláṣẹ ibẹ̀ ni òfin ti ka títa ọtí líle fún ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀. Òfin yìí pín àwọn Yorùbá fúnra wọn sí méjì. Ìkìrun wà lábẹ́ ìjọba Gúúsù, Ọ̀fà sì wà lábẹ́ ti Àríwá pẹ̀lú Ìlọrin. Ọ̀nà tí ó wà láàrin ìlú méjèèjì kò jìn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ti dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900 bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, tí ó gba Òṣogbo kọjá sí Ìlọrin, ọjà tí ó bófin mu ní ìdíkọ̀ kan di ẹ̀ṣẹ̀ ní ìdíkọ̀ kejì. Èdè kan náà, àṣà kan náà, ìdílé kan náà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó wà níhìn-ín ń gba owó lórí ìgò tí òṣìṣẹ́ tí ó wà lọ́hùn-ún yóò gbẹ́sẹ̀ lé.

3.3 Ìgbìmọ̀ ọdún 1909

Àwọn oníwàásù kò dákẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson wà lára àwọn tí ó gbógun ti ọtí líle, àwọn ẹgbẹ́ kan ní Gẹ̀ẹ́sì sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n ní ọtí ń ba ìdílé jẹ́, ó ń sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀lẹ, ó sì ń pa ìran run. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan dìde ní ọdún 1909. Sir Mackenzie Chalmers ni ó ṣe alága rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹ̀rí àwọn òyìnbó àti àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní ìparí, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ọtí ń pa ìran run ní Gúúsù Nàìjíríà, wọn kò sì rí ohun tí ó burú nínú ọtí tí ń wọlé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tọ̀nà nípa púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí àwọn tí ó ta ko ọtí náà sọ àsọdùn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé ipò tí ìjọba Gúúsù wà nígbà náà. Walter Egerton tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1904 sí 1912 ń fi owó ìlú ṣe ojú irin, afárá àti òpópónà, ọtí sì ni òpó tí ó gbé owó náà ró. Bí ìgbìmọ̀ bá ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ọtí, ta ni yóò san owó ojú irin? Kò sí ẹni tí ó ní láti purọ́ kí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí tó wúwo lórí gbogbo ohun tí ìjọba bá sọ.

3.4 Ogun, ọtí àti owó orí

Ohun tí àwọn oníwàásù kò rí ṣe, ogun ṣe é. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, òwò pẹ̀lú Jámánì dópin, owó tí ń wọlé láti ara ọtí sì já wálẹ̀. Lugard, tí ó ti di gómìnà àgbà lórí Àríwá àti Gúúsù tí a so pọ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1914, ti ń gbèrò tẹ́lẹ̀ láti mú owó orí wọ Gúúsù. Àìsí owó ọtí wá fi kún ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1916 ni owó orí dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọdún náà ni rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèihò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918 ni owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Kí ọdún náà tó ṣẹ́ yìn, Ogun Àdùbí ti jà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ni ó fa ìjà wọ̀nyí, kì í ṣe owó orí nìkan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lóye wọn gbọ́dọ̀ rántí pé owó tí ará ìlú ń san tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, nígbà tí ó bá ra ìgò jíìnì, ni wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yìí lójúkojú.

4.0 Láísẹ́ǹsì àti Ògógóró, 1919 sí 1960

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé. Àdéhùn yìí fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Áfíríkà, ó gbé owó orí ọtí líle tí ó kù sókè gan-an, ó sì ka pípọn ọtí líle léèwọ̀ láàrin ààlà tí ó kàn.

Láti àkókò yìí, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kúrò ní èbúté nìkan. Ó wọ àárín ìlú. Àwọn òfin ọtí tí ó tẹ̀lé ìdàpọ̀ ọdún 1914 ní kí ẹni tí yóò ta ọtí gba láísẹ́ǹsì, oríṣiríṣi ni láísẹ́ǹsì náà sì jẹ́. Ti ẹni tí ń ta àpótí àpótí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń ta ìgò kọ̀ọ̀kan. Ti òtẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí ti ilé ọtí. Ti ọtí ìbílẹ̀ bí ẹmu náà dá dúró. Òṣìṣẹ́ ni yóò wo bí ilé náà ti rí, irú ènìyàn tí onílé ọtí jẹ́, wákàtí tí ó ń ṣí àti wákàtí tí ó ń tì. Ọlọ́pàá lè wọlé láti yẹ ibẹ̀ wò. Àwọn ojúṣe wọ̀nyí dára, nítorí wọ́n wo àlàáfíà àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìwé tí a fi kọ́ ara ògiri ni ó di ẹ̀rí pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ẹni tí ó ní ìwé ti bọ́. Ẹni tí kò ní in ni ọ̀daràn.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 1929, owó kòkó àti epo pupa wálẹ̀ gan-an. Jíìnì olówó pọ́ọ́kú kò sí mọ́, èyí tí ó wà sì ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ní àwọn ọdún 1930, ìmọ̀ pípọn ògógóró tàn káàkiri Gúúsù. Ohun èlò rẹ̀ kò ṣòro: ẹmu tàbí ògùrọ̀ tí ó ti kan, àgbá, iná, ọ̀pá irin tí ó gba inú omi tútù kọjá, àti ohun tí a ó fi gbe ọtí tí ń kán. Ní àgbègbè olómi bí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, níbi tí igi ògùrọ̀ pọ̀ sí, iṣẹ́ náà di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń bọ́ ọmọ.

Ìjọba ní ìdí mẹ́ta tí ó fi ka ògógóró léèwọ̀. Àdéhùn àgbáyé dè é, ó sọ pé ògógóró léwu fún ìlera, owó tí ó yẹ kí ó wọlé láti ara jíìnì òyìnbó sì ń sá lọ. Ìdí kẹta yìí ni ará ìlú rí dáadáa jù. Wọ́n ń béèrè pé: èéṣe tí ẹni tí ó pọn ọtí láti ara ọ̀pẹ baba rẹ̀ fi ń lọ sí ẹ̀wọ̀n, tí ẹni tí ó kó jíìnì wọlé láti òkè òkun sì ń gba láísẹ́ǹsì? Ìbéèrè náà kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹni tí ó béèrè rẹ̀ lọ́rùn.

Ohun tí ó burú jù nínú ìfòfindè yìí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn. Ohun tí ó burú jù ni pé ó lé iṣẹ́ náà wọ inú igbó. Bí òṣìṣẹ́ bá dé ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró, kí ó fọ́ àgbá, kí ó da ọtí nù, kí ó sì mú ẹni tí ó bá rí ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán an láti kọ́ apọntí bí a ti í ya ọtí tí ó kọ́kọ́ kán sọ́tọ̀, tàbí irú àgbá tí kò yẹ ní lílò. Báwo ni a ó ṣe kọ́ ènìyàn ní ohun tí a ní kò gbọdọ̀ ṣe rárá? Báyìí ni ọtí tí àwọn mẹ̀kúnnù ń mu jù ṣe bọ́ kúrò lábẹ́ ojú gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

5.0 Ilé Iṣẹ́ Bíà àti Ìjọba Ìbílẹ̀

Ní ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀; ní ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Èyí tún sọ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ di ọ̀tun. Ọtí kò wá láti inú ọkọ̀ ojú omi nìkan mọ́. Inú ilé iṣẹ́ tí ó wà nílé ni ó ti ń jáde. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá ń gba owó lórí ohun tí a ṣe nílé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbà á lórí ohun tí ó wọlé. Ibùdó rẹ̀ yí padà. Ìwé ìṣirò ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà.

Lẹ́yìn òmìnira, àṣẹ lórí ilé ọtí sún mọ́ ará ìlú. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 àti ti ọdún 1999 ka fífúnni ní láísẹ́ǹsì àti ìṣàkóso títà ọtí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìlànà náà bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tí ó wà ní àdúgbò ni ó lè mọ ilé ọtí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́, tí ó lè mọ èyí tí ń ta ọtí fún ọmọdé, tí ó sì lè mọ èyí tí kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Síbẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń wá owó tí yóò fi ṣiṣẹ́, láísẹ́ǹsì ọtí yóò di tíkẹ́ẹ̀tì bíi ti ọjà àti ti gáréèjì. Ẹni tí ó bá ti sanwó, a kì í sábà bi í léèrè mìíràn.

6.0 Ohun tí ó Wà Nínú Ìgò

Òfin Kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 1993 ni ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀, àjọ tí ó ń ṣàkóso oúnjẹ, oògùn àti ohun mímu. Àjọ náà ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú ìgò, tí yóò gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, tí yóò sì fún un ní nọ́ńbà kí ó tó dé ọjà. Ó gba ọdún 132 lẹ́yìn tí Èkó bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kí irú òṣìṣẹ́ yìí tó ní àjọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí tí ó ní orúkọ àti ilé iṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó. Ògógóró kò ní orúkọ, kò ní àdírẹ́sì, òfin àtijọ́ sì ti kọ́ apọntí pé kí ó sá bí ó bá ti rí òṣìṣẹ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ìròyìn jáde láti Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó pé àwọn ènìyàn ń kú ikú òjijì. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, àwọn mìíràn fọ́jú pátápátá, wọ́n sì ń kú láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn kan ní àrùn àràmàǹdà ni. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé methanol ni, ìyẹn irú ọtí kan tí kò yẹ fún mímu rárá, tí ó wà nínú ògógóró tí àwọn ènìyàn náà mu. Ní àkókò kan náà, irú ikú yìí ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fòfin de títa ògógóró.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn kò ní í ṣàì kíyè sí ìdáhùn yìí. Ìfòfindè ni wọ́n fi dáhùn sí ewu tí ìfòfindè ti fi pamọ́ láti àwọn ọdún 1930. Methanol kò ní àwọ̀ tí ojú lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹni tí ń mu ún kò lè mọ̀, ẹni tí ń tà á lè má mọ̀. Ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè mọ̀, ìgò ògógóró kì í sì í dé ibẹ̀ àfi lẹ́yìn òkú.

Ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá jọ èyí. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera, NAFDAC àti àwọn tí ń ṣe ọtí fẹnu kò pé kí ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò tí kò tó 200 mílílítà kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀ títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìdí wọn ni pé owó kékeré ni ọmọdé àti awakọ̀ fi ń rí i rà, ó sì rọrùn láti fi pamọ́ sínú àpò. Nígbà tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú un ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí fẹ̀hónú hàn pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n sún gbèdéke náà síwájú di ìparí ọdún 2025. Iṣẹ́ àti owó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọdé àti èrò ọkọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Orúkọ àwọn tí ń jiyàn ti yí padà. Òṣùwọ̀n tí ó dojú kọ Egerton ni ó ṣì wà nílẹ̀.

7.0 Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ìtàn yìí wúlò nínú kíláàsì ìmọ̀ ìtàn àti ti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Lákọ̀ọ́kọ́, olùkọ́ lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé òfin lè ní èrò rere kí àbájáde rẹ̀ sì yàtọ̀. Àdéhùn Brussels àti ìfòfinde ògógóró jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Lọ́nà kejì, olùkọ́ lè rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè nípa adẹ́mu, ilé ọtí àti àwọn tí ń mú apọntí, kí ó tó pẹ́ jù. Lọ́nà kẹta, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára ìgò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ibi tí ìjọba ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan ti yẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ wò.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti tọ ipasẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba láti ẹnubodè ìlú dé èbúté Èkó, láti ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì dé inú igbó ògógóró, títí dé ilé àyẹ̀wò. Ní gbogbo ibi tí ó dé, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ohun tí ìjọba ní kí ó wò lọ. Nígbà tí ìjọba ní kí ó ka àpótí, ó kà á. Nígbà tí ó ní kí ó wá ìwé, ó wá a. Nígbà tí ó ní kí ó fọ́ àgbá, ó fọ́ ọ. A kò lè sọ pé ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà gan-an ni kò pé.

Bí ìjọba bá fẹ́ kí irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè má ṣẹlẹ̀ mọ́, ó yẹ kí ó mú apọntí jáde kúrò nínú igbó. Kí ó forúkọ wọn sílẹ̀, kí ó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì gbé ohun èlò àyẹ̀wò dé àgbègbè tí wọ́n ti ń pọn ọtí, lábẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin ìpìlẹ̀ ti fún ní àṣẹ yìí. Owó láísẹ́ǹsì tí ó bá ti ibẹ̀ wá, kí wọ́n fi san owó àyẹ̀wò náà kí ó tó lọ sí ibòmíràn. Nígbà náà ni òṣìṣẹ́ tí ó bá dé etí omi Ìrèlè yóò di ẹni tí apọntí lè gbé ìgò fún pé kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, dípò ẹni tí yóò máa sá fún.